Omi wo ló ń wọlé? Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa nínú ọkọ̀-ilé káàkiri Èkìtì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹsàn-án 2025. Ìbàdàn sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Òjò ká wa mọ́ Iléṣà. Ó ti dá nígbà tí a fi dé Ìwàràjà, níbi tí a ti fi ọ̀nà Àkúrẹ́ sílẹ̀, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yìí rí, kó fi ojúmọ́ gbà á. Kọ́nà ibẹ̀ pọ̀, òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í fẹ́ dẹ eré níbi ìsọ̀kalẹ̀. Jíà kejì ni mo fi gun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ ń lọ. Bọ́ọ̀sì Sprinter tòkunbọ̀ la sọ di ilé: a yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, a kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí i, táǹkì omi 80 lítà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sólà sì wà lórí òrùlé. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ti ń yọ síbi tó wù ú nínú ọkọ̀ yìí. Lónìí, a ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì; lọ́tùn-únla, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú ló máa tutù. Àwọn oníṣẹ́ ti fi gọ́ọ̀mù kùn ún níhìn-ín lọ́hùn-ún, owó lọ, omi kò lọ. Àwọn àna mi ní Ìkọ̀lé la fẹ́ lọ kí, ṣùgbọ́n a pinnu pé a kò ní sáré, a ó máa wá ojú ibi tí omi ń gbà wọlé bí a ṣe ń lọ. Ìyá Ìbejì ra ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí a bá rí omi, a ó kọ aago tó lù, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá éèsì wà ní títàn, àti bóyá imú ọkọ̀ kọjú sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Ìwé yẹn ni mo ti ń da èyí kọ.

Aago mẹ́rin ti kọjá kí a tó wọ Ẹ̀fọ̀n. Iyán la kọ́kọ́ wá. Iṣu tuntun ti dé ọjà, iyán náà sì funfun, ó fà, kò ní kókó. Òkèlè méjì pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ₦3,500. Màmá tó ń ta á bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo lẹ máa sùn sí?” Ìyá Ìbejì ní, “Inú ọkọ̀ wa ni, mà.” Kíá, màmá pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá gbé ọ̀kadà rẹ̀ kúrò níwájú ilé, kí ọkọ̀ wa lè rí ilẹ̀ tó tẹ́jú dúró sí. A fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀ jálẹ̀.

Kí a tó sùn, Ìyá Ìbejì gé ọ̀rá, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún lẹ òmíràn mọ́ àjà ọkọ̀ lókè orí bẹ́ẹ̀dì, ó dí etí wọn yípo.

Ọjọ́rú, 10. Ẹ̀fọ̀n sí Ìkógòsì

Òtútù Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ti Ìbàdàn. Kùrukùru bo òkè títí aago mẹ́jọ fi lù. Nígbà tí a jí, omi ń ṣàn lára gbogbo gíláàsì, ara ògiri tutù, etí aṣọ ìbora náà sì tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán òjò kan kò rọ̀ láti alẹ́.

Ọ̀rá yẹn ló dá ẹjọ́ náà fún wa. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iwájú rẹ̀ ló tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni omi yẹn ti wá: èémí àwa méjèèjì, àti ooru tíì tí a sè sínú ọkọ̀ tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Ooru yẹn bá páànù tútù pàdé, ó di omi. Gọ́ọ̀mù kankan kò lè wo irú èyí sàn. Ohun tó ń wò ó ni kí a ṣí fèrèsé díẹ̀ lápá méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú kọjá, kí a sì máa dáná níta tàbí kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí a bá ń dáná. Láti alẹ́ ọjọ́ náà la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì rí i lára gíláàsì mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ti àjà ọkọ̀ lókè orí bẹ́ẹ̀dì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọ̀rá ibẹ̀ ló tutù. Omi òjò Iléṣà ti fara pamọ́ sínú fóòmù tó wà láàárín páànù àti pákó, òun ló ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ sínú ìwé pé: omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

A gba Ìtawúrẹ́ kọjá sí Arámọkọ, a yà sí ọ̀nà Ẹrìjìyàn, a dé Ìkógòsì lọ́sàn-án. Kòtò wà lójú ọ̀nà náà níbi púpọ̀, ẹ rọra wà á. Ẹ béèrè gbogbo owó lẹ́nu géètì kí ẹ tó wọlé, títí kan ti ọkọ̀ tó máa sùn mọ́jú.

Mo ti ń gbọ́ nípa omi ibẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó yà mí lẹ́nu. Omi gbígbóná ń sun jáde láti inú ilẹ̀ ní nǹkan bí 70°C, omi tútù ń bọ̀ láti apá kejì, wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Níbi tí wọ́n ti pàdé, èyí tó gbóná ti rọlẹ̀ sí nǹkan bí 37°C. Mo ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, mo ki èkejì bọ ìkejì, mo dúró pẹ́.

Ẹ má ṣe gbọn omi tó gbóná gan-an sínú táǹkì ọkọ̀ yín o. Rọ́bà funfun tí ọ̀pọ̀ wa fi ń fa omi máa ń rọ̀ bí omi gbígbóná bá ń gba inú rẹ̀, kílíìpù ẹnu rẹ̀ á sì tú.

Ọjọ́bọ̀, 11. Ìkógòsì

Ní nǹkan bí aago méjì òru, pọ́ńpù omi wa ṣe gùrù-gùrù, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún ṣe é. A kò ṣí ẹnu ẹ̀rọ kankan.

Ẹni tó bá ní pọ́ńpù bátìrì nínú ọkọ̀, kó mọ ohun tí ariwo yìí ń sọ. Pọ́ńpù náà máa ń ti omi sínú páìpù títí yóò fi le dáadáa, á wá pa ara rẹ̀. Bí agbára omi inú páìpù bá sọ̀ kalẹ̀, á tún tan. Bí ó bá ń tan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ẹ̀rọ, omi ti ń sá gba ibì kan nìyẹn. Ó lè máa jò síta láàárín pọ́ńpù àti ẹnu ẹ̀rọ. Ó sì lè jẹ́ pé ìdérí inú pọ́ńpù, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ti bàjẹ́, tí omi ń padà sínú táǹkì. A ò ní rí ìtutù kankan níta bó bá jẹ́ ìyẹn.

Mo pa súìṣì rẹ̀, a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kó gbogbo ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, a nu gbogbo ibi tí rọ́bà ti so pọ̀ títí ó fi gbẹ, a wá fi tíṣù gbígbẹ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tan pọ́ńpù, a lọ jẹ dòdò. Nígbà tí a padà dé, gbogbo tíṣù gbẹ àfi ti abẹ́ ibi ìfọwọ́. Kílíìpù ẹnu rọ́bà ibẹ̀ ti tú, kòtò ọ̀nà ló jì í. Ọwọ́ lásán kò lè rí jíjò yẹn, nítorí ó kéré, pákó ilẹ̀ ọkọ̀ sì ń mu ún bó ṣe ń kán.

Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà níbẹ̀ rí wa, ó ní òun máa ń bá wọn tún páìpù ṣe. Ó wò ó, ó ní ẹnu rọ́bà náà ti le, bí a bá dè é báyìí, yóò tún tú. Ó gé nǹkan bí ìka méjì kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ibi tuntun lè wọlé, ó lọ mú kílíìpù méjì wá láti ilé rẹ̀, ó fi wọ́n dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ₦1,000 la fún un, ìyẹn náà, a bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á. Pọ́ńpù dákẹ́ láti ìgbà náà.

Lọ́sàn-án, a lọ wo Àrìnta, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ní Ìpólé-Ìlórò. Omi pọ̀, òkúta ń yọ̀. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12. Ìkógòsì sí Adó-Èkìtì

A padà gba Arámọkọ, a gba Ìgèdè àti Ìyìn wọ Adó. Kí a tó dé àárín ìlú, òjò bẹ̀rẹ̀, irú òjò tí ènìyàn kì í fi í rí iwájú. Mo yà sí ọgbà pánẹ́ẹ̀bítà kan. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: awakọ̀, oníbọ̀lì, àwọn ọmọ ilé ìwé, gbogbo wa wà lábẹ́ páànù ọ̀gá náà.

Ọgbà yẹn dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe sábà máa ń rí. Imú ọkọ̀ wa kọjú sí òkè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbejì ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á fún mi: gbogbo ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì tutù, ọkọ̀ kọjú sí òkè. Nígbà tí òjò rọ̀ tí a sì kọjú sí ìsàlẹ̀, orí dírẹ́bà ló tutù. Ọ̀gá náà gbọ́ ohun tó kà. Ó ní, “Mà, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi. Ojú kan náà ni omi yìí ń gbà wọlé.”

A sùn sínú ọgbà rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ òru ibẹ̀ kò gba kọ́bọ̀.

Àbámẹ́ta, 13. Adó-Èkìtì

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀gá kò gbé gọ́ọ̀mù rárá. Rọ́bà omi ló gbé. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó rọ ọ́ sí abẹ́ fèrèsé ọ̀tún nìkan, ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bọ́ sí apá òkè fèrèsé náà, ó tún dúró. Bí a bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kọjá gbogbo ojú ihò lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì ní mọ èyí tó gbà á wọlé. Ó sì rọra ń rọ ọ́ ni. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń fọ mọ́tò fẹ́ yá a ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi jáde, ó kọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀rọ yẹn á ti omi wọ ibi tí òjò kò lè wọ̀ láéláé, á wá máa fi ẹ̀sùn kan ibi tí kò ṣẹ̀.

Fèrèsé ọ̀tún ń mu omi díẹ̀ nísàlẹ̀ rọ́bà rẹ̀. Ti òsì kò ṣe nǹkan kan. Ó rọ omi sí òrùlé lẹ́yìn, gan-an lókè ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. A dúró, a dúró, kò kán. Ó bọ́ síwájú, ó rọ ọ́ sí ìdí ẹsẹ̀ sólà àkọ́kọ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ inú ọkọ̀ fi kígbe pé, “Ọ̀gá, ó ti ń bọ̀ o!” Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń kán sí, ó ju mítà méjì lọ sí ibi tí ọ̀gá ń rọ omi sí. Omi wọlé níbi ìdè ẹsẹ̀ sólà, ó gba inú egungun òrùlé rìn bí èrò tó wọ mọ́tò ní Ìjerò tó sọ̀ kalẹ̀ ní Adó. Gbogbo gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi sí òkè bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí, ibi tí omi ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń dí.

Ó fẹ́ kó dá wa lójú. Aládùúgbò tó ń fọ mọ́tò gbé bulówà tó fi ń gbẹ inú ọkọ̀ wá. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n gbé ẹnu bulówà wọ ojú fèrèsé kan, wọ́n fi páálí àti téèpù dí etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Ọ̀gá po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kànìnkànìn pa á sórí òrùlé. Níbi tí ihò wà, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń jáde, ọṣẹ ń hó. Ó hó yọ̀ọ̀ níbi ìdè ẹsẹ̀ sólà náà, ó tún hó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀yìn tó wà lókè ilẹ̀kùn. Èmi náà gun àkàbà lọ fi ojú ara mi rí i. Inú mi dùn gan-an.

Nígbà tó tú ẹsẹ̀ sólà yẹn, a rí i pé sukúrù tó kàn wọ páànù lásán ni wọ́n fi dè é, wọ́n wá da sílíkóònù bò ó lórí. Sílíkóònù náà ti ṣí létí. Oòrùn ń na páànù, òru ń fún un, ẹ́ńjìnnì ń mì í, kò lè dì í mú. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ fún mi nìyí: sílíkóònù tuntun kì í dì mọ́ ògbólógbòó, ohun mìíràn pàápàá kì í dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń da tuntun lé ògbólógbòó lórí kàn ń ná owó ni. Ó fi káàdì bánkì tó ti kú ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi sípírítì nu ojú ibẹ̀, ó fi sáńpépà ha ìpẹtà, ó kun ún, ó dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá lo gọ́ọ̀mù dúdú tí àwọn onígíláàsì fi ń lẹ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Èyí máa ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, torí náà kì í sán bí páànù bá mì. Abẹ́ ẹsẹ̀ sólà ló fi sí kó tó gbé e lé e, ó sì fi bóòtù tó ní nọ́ọ̀tì àti wáṣà onírọ́bà dè é já sí inú.

Gọ́ọ̀mù dúdú jẹ́ ₦9,000 igo kan, a ra méjì. Bulówà ₦3,000. Iṣẹ́ ọwọ́ ₦15,000. Kò sí èyí tó dùn mí láti san nínú wọn.

Gọ́ọ̀mù yìí ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gbẹ dáadáa, ojú ọ̀run sì ti ṣú. Obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì lójú ọ̀nà ká tapólín tó fi ń bo ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbà, ẹ fi bo ọkọ̀ yín. Èmi ti ń palẹ̀ mọ́ ní tèmi.” Ó padà wá gbà á lọ́jọ́ Ajé.

Àìkú, 14. Adó-Èkìtì

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A kò gbé ọkọ̀ náà rárá kí gọ́ọ̀mù lè mú. Bọ̀lì àti ẹ̀pà lójú ọ̀nà, ₦700.

Ọjọ́ Ajé, 15. Adó sí Ìkọ̀lé

Oòrùn mú ganrínganrín. A tan éèsì láti Ìfàkì. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yẹ́, Ìyá Ìbejì ní bàtà òun ti tutù. Kò sí òjò, pọ́ńpù wà ní pípa. Ó ṣí ìwé, ó wò ó, ó ní, “Bàbá Ìbejì, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mi tutù, éèsì wà ní títàn.”

A dúró, mo wo abẹ́ ọkọ̀. Ó gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí éèsì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ooru mú, omi gbọ́dọ̀ máa kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá kán síta, ó lè jẹ́ pé inú ló ń kán sí. Rewáyà kan ní Ìkọ̀lé fa páìpù tín-ín-rín tí éèsì fi ń da omi nù jáde, ewé àti ẹrẹ̀ ló dí i pa. Ó ní kí fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Omi tó jáde tó kọ́ọ̀pù méjì. ₦2,000 fún àwọn méjèèjì, àwa tí a ti fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì iwájú nítorí omi yẹn!

Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí a dé ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi. Bàbá ní, “Ẹ káàbọ̀ sí ulé o. Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Kò tíì jẹ́ kí n jókòó kó tó béèrè pé, “Ọkọ̀ tó ń jò náà dà?” Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá, ọjọ́ orí ló jẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 sí Ọjọ́rú, 17. Ìkọ̀lé

Ojú ihò ti dí, ṣùgbọ́n omi tó ti wọlé ṣì wà nínú pákó. Bàbá mú ṣíbí irin, ó ń fi ìdí rẹ̀ lu ara pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ́tí. Pákó tó le máa ń dún gbangba, èyí tó ti jẹrà á dún bòm̀bòm̀. Ó fi ẹfun sàmì yípo ibi tó dún bẹ́ẹ̀, ó sì tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó fi sukuduráfà tẹ àárín rẹ̀, ó wọlé láìsí wàhálà.

A gé e kúrò. Fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bákan náà, mo fún un, omi jáde. Mo fẹ́ kí a di pákó tuntun pa lójú ẹsẹ̀, bàbá kò gbà. Ó ní pákó tí a bá dé mọ́ omi, inú ló ti máa jẹrà tán kí ojú wa tó rí i. A ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀, fáànù ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Ọjọ́rú ọ̀sán ló tó gbé máríìnì bọ́ọ̀dù wọlé. Ó ti kun gbogbo etí rẹ̀ ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí etí ni pákó ti ń mu omi. Sukúrù ló lò, kò lo ìṣó, kí a lè tú u wò nígbàkígbà. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju owó pákó lọ, ₦12,000.

Ìyá ìyàwó mi gún iyán fún wa lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18. Ìkọ̀lé

Òjò ńlá rọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ àná títí di ìdájí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, a ti lẹ tíṣù mọ́ gbogbo ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, mo sì ti yí imú ọkọ̀ sí òkè. Àjà ọkọ̀ lókè orí bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Orí dírẹ́bà gbẹ. Abẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú gbẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi táǹkì gbẹ. Yàtọ̀ sí ti fèrèsé ọ̀tún tí a kò tíì tún ṣe, tíṣù ìdí iná ẹ̀yìn nìkan ló tutù, níbi tí ọṣẹ ti hó díẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá ti sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé rọ́bà ìdí rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kò rí irú rẹ̀ rà. Láàárọ̀ yìí, bàbá gé rọ́bà inú táyà ògbólógbòó sí ìwọ̀n rẹ̀, mo ha ojú ibẹ̀ mọ́, mo fi gọ́ọ̀mù dúdú tó kù sí abẹ́ rẹ̀, a sì dè é padà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ọkọ̀ yìí rin Èkìtì lásìkò òjò, àwọn ohun tó wúlò fún wa nìyí: tíṣù tó pọ̀, ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù, kílíìpù rọ́bà oríṣiríṣi, tọ́ọ̀ṣì, sípírítì, tapólín kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Gọ́ọ̀mù dúdú wà lọ́dọ̀ àwọn onígíláàsì ọkọ̀ ní Adó, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára igo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Rọ́bà fèrèsé ọ̀tún ló kù. Onígíláàsì kan ní Ìbàdàn ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ₦18,000 ló pè é, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá gbé ọkọ̀ lọ bá a.